Oògùn oorun wo ló yẹ iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré?

Bí wọ́n bá ní kí aláìsàn wá ṣe iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń wà nínú ìwé rẹ̀ tí ń da ẹbí láàmú. Ọ̀kan ni «cœlioscopie», ìyẹn iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀. Dókítà kò ní la ikùn gbọọrọ bíi ti àtijọ́. Ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò lu, èyí tó tóbi jù nínú wọn á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan, kámẹ́rà á gba inú ọ̀kan wọlé, irin iṣẹ́ á gba inú àwọn yòókù. Èkejì ni orúkọ oògùn tí wọ́n máa fi kùn ún lóorun, oògùn tí aláìsàn ń fà símú: halothane, isoflurane, sévoflurane tàbí desflurane. Ibẹ̀ ni ọmọ ti máa ń fa dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé: «Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kì í pani nínú wọn? Èwo ni màmá wa á ti tètè jí?»

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mẹ́ta lè gbé aláìsàn la iṣẹ́ abẹ yìí já dáadáa bí ọwọ́ tó dì wọ́n mú bá mọ̀ ọ́n. Ẹyọ kan, halothane, ni kò yẹ ká rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ yìí rárá. Ìyàtọ̀ wà láàárín àwọn mẹ́ta yòókù, ṣùgbọ́n ó kéré sí bí àwọn ènìyàn ṣe rò ó, ibi tó sì wà kọ́ ni wọ́n ń wò.

Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ikùn

Ká tó fi oògùn wé oògùn, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí oògùn náà ń bá wọ̀yá ìjà. Kámẹ́rà kò lè ríran nínú ikùn tó palẹ̀. Ìfun, ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá lẹ̀ mọ́ ara wọn bí aṣọ tí a ká sínú àpótí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́ CO2 síbẹ̀, irú èyí tí gbogbo wa ń mí síta, títí awọ ikùn yóò fi gbéra bí àgọ́. CO2 ni wọ́n yàn nítorí pé kì í gbiná, ẹ̀jẹ̀ sì ń tètè gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kó lè jáde. Agbára tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ kì í sábà kọjá 12 sí 15 mmHg. Ẹni tí nọ́ńbà yìí kò bá yé, kó ro ti omi tó ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16: bí ìsàlẹ̀ irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe ń tẹ nǹkan ni 12 mmHg ṣe ń tẹ gbogbo ohun tó wà nínú ikùn.

Bí ikùn ti ń wú, awọ tó la àárín àyà àti ikùn á gòkè, ẹ̀dọ̀fóró á há, ẹ̀rọ tó ń mí fún aláìsàn á sì máa fi agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ti afẹ́fẹ́ wọlé. Iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn á tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọkàn á dín. Síbẹ̀ ìfúnpá, tí àwa níhìn-ín ń pè ní tánsíọ̀n, á gòkè, torí pé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ti fún pọ̀, ọkàn sì ń tì lòdì sí wọn. CO2 náà ò dúró sójú kan, ó ń wọ ẹ̀jẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30 ni ó máa ń dé ìwọ̀n tó máa dúró sí. Bí akunilóorun kò bá fi kún mímí ẹ̀rọ, bóyá láti ẹ̀ẹ̀mejìlá sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níṣẹ̀ẹ́jú kan, CO2 á gun inú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó sì lè máa lù ségesège.

Ti ìdùbúlẹ̀ tún wà. Fún àpò òróòro, wọ́n á gbé apá orí bẹ́ẹ̀dì sókè kí ìfun lè ṣubú kúrò lọ́nà. Ẹ̀jẹ̀ á ṣàn lọ sí ẹsẹ̀, tánsíọ̀n á sì fẹ́ já. Fún ilé ọmọ, orí ni wọ́n máa ń rẹ̀ sílẹ̀: ọkàn á rí ẹ̀jẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró á tún há sí i.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni ká wò dáadáa. Abẹ́rẹ́ ti wọlé, ẹ̀rọ ti ń fẹ́, awọ inú ikùn ń nà. Lórí ojú ẹ̀rọ, ìlù ọkàn tó wà ní 78 di 60, ó di 45, ó di 35. Ohùn «pìn, pìn» tí gbogbo yàrá ti mọ́ létí tẹ́lẹ̀ ń jìnnà síra. Nínà yẹn ló ta iṣan tó ń dẹ ọkàn lọ́wọ́ jí. Oògùn kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n á ní kí oníṣẹ́ abẹ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ọkàn kò bá tètè padà, wọ́n á fi atropine, oògùn tó ń mú ọkàn yá, 0.5 sí 1 mg sínú iṣan. Bó bá ti padà, wọ́n á tún fẹ́ afẹ́fẹ́ náà, díẹ̀díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì ní tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ìdí tí halothane kò fi bá a mu

Ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí ló dá halothane lẹ́bi. Láti 1956 ni wọ́n ti ń lò ó, ó sì gba ẹ̀mí là nígbà tirẹ̀, nítorí ether tó ṣáájú rẹ̀ máa ń gbiná. Àmọ́ ó ń dẹ ọkàn lọ́wọ́, ó sì ń jẹ́ kí ọkàn tètè ta gìrì sí adrenaline, ohun tí ara ń tú jáde nígbà tí CO2 bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá fi í sí ara ẹni tí wọ́n ń fẹ́ CO2 sí nínú: ìgbà tí ikùn bá nà, ọkàn á dẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ìgbà tí CO2 bá gùn, ọkàn á máa ta gìrì, á máa lù láìtọ́. Nǹkan bí ìdá márùn-ún kan rẹ̀ sì ni ẹ̀dọ̀ máa ń lọ̀, ìyẹn sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lára àwọn ènìyàn díẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá tún fún wọn láìpẹ́ sí ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kan rí, kó má fi pa mọ́. Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti pa á tì tipẹ́. Bí ilé ìwòsàn kan bá ní halothane nìkan lọ́wọ́, ó sàn kí wọ́n fi oògùn inú iṣan bíi propofol ṣe oníhò kékeré, tàbí kí wọ́n gbé aláìsàn lọ síbi tí nǹkan gbé pé.

Àwọn mẹ́ta tó kù

Akunilóorun ń fi ìwọ̀n kan wé wọn: iye oògùn tó gbọ́dọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí kí ìdajì àwọn aláìsàn má baà mira nígbà tí ọ̀bẹ bá kan awọ. Lára àgbàlagbà ẹni nǹkan bí ogójì ọdún, isoflurane jẹ́ 1.2 nínú 100, sevoflurane 2, desflurane 6. Bí ọjọ́ orí ti ń gòkè ni ìwọ̀n yìí ń wálẹ̀, nǹkan bíi 6 nínú 100 fún ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá lẹ́yìn ogójì. Èyí ni kò fi yẹ kí ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún gba iye tí ọmọ rẹ̀ gbà.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ là, nípa bẹ́ẹ̀ wọ́n ń já tánsíọ̀n wálẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣe sí ìlù ọkàn. Isoflurane máa ń mú un yá díẹ̀. Sevoflurane máa ń fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Desflurane dákẹ́ rọ́rọ́ bí wọ́n bá rọra ṣí i, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yí i láti 4 lọ sí 9 lẹ́ẹ̀kan náà, ara á ta kìjí: ìlù ọkàn á fò sókè, tánsíọ̀n á bá a gòkè, fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin á gbà á mọ́ra. Bàbá tí iṣan ọkàn rẹ̀ ti há lè má gbà á mọ́ra. Ẹni tó mọ desflurane lò á máa fi ìdá kan ìdá kan gòkè.

Fún aláìsàn tí tánsíọ̀n ń dà láàmú, tí wọ́n fẹ́ yọ àpò òróòro rẹ̀, sevoflurane ni èmi máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Kì í ṣe pé àwọn méjì yòókù burú. Òun ni kò ní bá afẹ́fẹ́ inú ikùn lẹ̀dí àpò pọ̀ láti mú ọkàn sáré.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí kò tilẹ̀ sí nínú yíyan oògùn. Wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn, tánsíọ̀n gòkè dé 170, akunilóorun sì rò pé aláìsàn fẹ́ jí, ó bá ṣí oògùn oorun gbàgàdà. Tánsíọ̀n wálẹ̀, inú gbogbo ènìyàn dùn. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, oníṣẹ́ abẹ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ohun tó ń fún iṣan pọ̀ lọ, àpọ̀jù oògùn náà ṣì wà lára, tánsíọ̀n wá já sí 80. Aláìsàn kò sì jí nígbà tó yẹ. Wọ́n á wá ní oògùn náà ló le jù. Ohun tó tọ́ ni pé kí oorun dúró sójú kan, bíi ẹ̀ẹ̀kan péré ìwọ̀n tí a sọ lókè tàbí díẹ̀ sí i, kí wọ́n fi oògùn ìrora tó ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà kúkúrú, bíi fentanyl tàbí remifentanil, pa ìgbéraga ara yẹn lẹ́nu, kí wọ́n rí i pé oògùn tó ń dẹ ẹran ara ṣì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì bi oníṣẹ́ abẹ pé ṣé kò lè rí ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú 10 mmHg dípò 14. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó sì máa ń ṣe ju oògùn lọ. Bí tánsíọ̀n bá já nítorí pé wọ́n gbé orí sókè, omi inú iṣan àti ephedrine díẹ̀díẹ̀, bíi 6 mg lẹ́ẹ̀kan, ló ń gbé e. Bí tánsíọ̀n kò bá fi ìdá márùn-ún kan kúrò níbi tó ti máa ń wà, yálà sókè tàbí sísàlẹ̀, ara aláìsàn náà dúró ṣinṣin.

Jíjí

Oògùn wọ̀nyí kò sí nínú ikùn, a kì í pọ̀ wọ́n jáde. Mímí ni wọ́n fi ń wọlé, mímí náà ni wọ́n fi ń lọ. Bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá tó ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa pẹ́ tó. Desflurane dà bí omi lórí ewé kókò: ẹ dẹ ewé náà, ó ti yí dànù. Isoflurane dà bí aró tó ti mu aṣọ, èèyàn á fọ̀ ọ́, á tún fọ̀ ọ́, omi rẹ̀ á ṣì máa jáde ní dúdú. Sevoflurane wà láàárín, ó sún mọ́ desflurane jù. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ ní nọ́ńbà, bí iye kan bá wà nínú afẹ́fẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ máa ń gba desflurane ní ìlọ́po 0.42 iye náà, sevoflurane 0.65, isoflurane 1.4, halothane 2.4.

Èèyàn máa ń la ojú nígbà tí oògùn bá ti wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan ìwọ̀n tí a sọ lókè. Sevoflurane gbọ́dọ̀ kúrò ní 2 kó dé nǹkan bíi 0.6 tàbí 0.7, isoflurane kó kúrò ní 1.2 dé 0.4. Ẹ fi ojú inú wo ìyá kan tó ń ta gàrí ní ọjà Ouando, ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, àpò òróòro rẹ̀ ni wọ́n yọ, iṣẹ́ náà gba wákàtí kan. Wọ́n pa oògùn, wọ́n ṣí atẹ́gùn ọ́síjìn gidi gan-an láti fi gbá ohun tó kù lọ. Nọ́ńbà orí ẹ̀rọ ń wálẹ̀: 1.4, 0.9, 0.7. Ìpéǹpéjú rẹ̀ mì. Wọ́n pè é lórúkọ, wọ́n ní «Màmá, ẹ la ojú yín, ẹ di ọwọ́ mi mú.» Ó dì í mú, ó sì gbé orí sókè fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ìgbà yẹn ni ọ̀pá ọ̀nà ọ̀fun ń jáde, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń yẹ agbára ẹran ara wò bá ti sọ pé oògùn tó dẹ ara ti lọ tán.

Láàárín desflurane àti sevoflurane, ìyàtọ̀ tó wà nínú lílajú kì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Isoflurane lè fi ìṣẹ́jú mélòó kan sí i. Ìyàtọ̀ yìí ń fẹ̀ bí iṣẹ́ bá gba wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, tàbí bí aláìsàn bá sanra gan-an, nítorí ọ̀rá máa ń fi oògùn pamọ́. Níbẹ̀ ni desflurane ti ní ohun tó lè fọ́nnu lé. Àmọ́ wákàtí tí aláìsàn máa kúrò ní yàrá ìjí, ọjọ́ tó máa lọ sílé, kò sábà yàtọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń fún un ní máàkì lórí ohun márùn-ún: ṣé ó ń mi ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ṣé ó ń mí dáadáa tó sì lè wúkọ́, ibo ni tánsíọ̀n wà, ṣé ojú rẹ̀ ti là, mélòó ni ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Máàkì méjì méjì ni, mẹ́wàá lápapọ̀. 9 ló ń gbé èèyàn jáde. Ìrora, èébì àti òtútù ló sì ń dá èèyàn dúró níbẹ̀, kì í sábà jẹ́ oògùn oorun.

Akunilóorun tó mọ isoflurane lò, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù nígbà tí wọ́n ń yọ àpò òróòro jáde, tí kò dúró de ìgbà tí wọ́n bá rán ihò tán, aláìsàn tirẹ̀ á jí ṣáájú ti ẹni tó lo desflurane tó gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má ṣe gbàgbé pé oògùn tó tètè lọ kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ìrora. Ẹni tó jí kíá tí wọn kò tíì fún ní paracetamol 1 g, tí wọn kò fi oògùn akúnilára sí ojú àwọn ihò, inú oró ló jí sí. Desflurane tún máa ń ta ọ̀fun. Ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ní ikọ́ efée lè wúkọ́ títí tí ọ̀fun rẹ̀ á fi fún pọ̀. Isoflurane náà ní òórùn tó ń ta, ṣùgbọ́n sevoflurane kò ta ọ̀fun, òun ni a fi lè kun ọmọdé lóorun láti ojú ìbòmú láìgún un lábẹ́rẹ́ ṣáájú. Ọmọdé tó bá fi sevoflurane tàbí desflurane sùn lè jí pẹ̀lú ariwo, kó máa ta nù, kó má mọ ìyá rẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí ọgbọ̀n ni, ó ń lọ fúnra rẹ̀. Kò sí ohun tó wọ inú ọmọ náà. Kí wọ́n gbé e mọ́ra, kí iná yàrá má mọ́lẹ̀ jù, kí wọ́n sì rí i dájú pé kì í ṣe ìrora ló ń ké fún.

Ooru, iná àti owó

Ìgò desflurane kò dà bí ti àwọn yòókù. Ní nǹkan bíi 23°C ló ti ń hó. Ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ lóṣù Ẹrẹ́nà, ooru yàrá lásán ti ju ìyẹn lọ dáadáa. Bí wọ́n bá tú u sínú ìkòkò lásán, ìyẹn ohun tó ń sọ oògùn olómi di afẹ́fẹ́ lára ẹ̀rọ, ó ti di afẹ́fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ iye tó jáde. Nítorí náà ìkòkò tirẹ̀, èyí tó ní àwọ̀ búlúù, ń fi iná mànàmáná gbé e gbóná dé 39°C nínú ohun tó dé pinpin. Bí iná bá lọ, tí bátìrì bá tán, oògùn dúró, ọ̀bẹ kò sì dúró. Ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ ní sìríǹjì propofol nítòsí. Ìkòkò sevoflurane, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, àti ti isoflurane, tó jẹ́ àlùkò, sábà máa ń ṣiṣẹ́ láìsí iná. Ibi tí iná ti ń ṣe ségesège, èyí nìkan tó láti fi yan oògùn. Àwọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o: bí wọ́n bá da isoflurane sínú ìkòkò sevoflurane, ìkòkò á ní òun ń fún ni ní 2, oògùn tó jáde á sì le ju ohun tí ẹnikẹ́ni pète lọ, nítorí isoflurane ń tètè di afẹ́fẹ́ ju sevoflurane lọ, ó sì lágbára jù ú.

Ẹbí tó ń sanwó lè ṣírò iye tí ń lọ. Ẹ mú iye lítà afẹ́fẹ́ tuntun tó ń wọ ẹ̀rọ níṣẹ̀ẹ́jú kan, ẹ fi nọ́ńbà orí ìkòkò sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún un sọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ohun tó jáde ni mílílítà oògùn tí wákàtí kan ń jẹ. Bí lítà kan bá ń wọlé, sevoflurane ní 2 á jẹ mílílítà 6, isoflurane ní 1.2 á jẹ 3.6, desflurane ní 6 á jẹ 18. Bí wọ́n bá fi sevoflurane kan náà sílẹ̀ lórí lítà mẹ́rin, 24 ló ń jẹ, wọ́n ń tú owó aláìsàn sójú afẹ́fẹ́ ni. Kí lítà kan tó tó, ẹfun oníhóró tó ń gba CO2 nínú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣì dára. Irú èyí tó wọ́pọ̀ máa ń di àlùkò bó bá ti rẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá sì gbàgbé ọ́síjìn sílẹ̀ tó ń fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Ajé, tí ẹfun náà gbẹ táútáú, desflurane tó bá kọjá nínú rẹ̀ lè mú carbon monoxide jáde, májèlé kan náà tó ń pa èèyàn nínú yàrá tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ sí. Ńṣe ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Desflurane tún ń mú ayé gbóná gidigidi, nǹkan bí ìlọ́po 2,500 ti CO2 láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Scotland pa á tì ní 2023, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, àyàfi ibi tí kò bá sí òmíràn tó lè rọ́pò rẹ̀.

Nitrous oxide, tí wọ́n ń pè ní afẹ́fẹ́ ẹ̀rín, ni wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ àwọn oògùn wọ̀nyí nígbà mìíràn. Nínú iṣẹ́ yìí, mi ò fẹ́ ẹ. Ó ń wọ inú ìfun, ó ń wú u, ó ń dí ojú ọ̀nà kámẹ́rà, ó sì ń fi kún èébì.

Èébì, àti ohun tó wà lọ́wọ́ aláìsàn

Ní ti èébì, kò sí èyí tó sàn nínú àwọn mẹ́ta. Gbogbo wọn ń fà á ní wákàtí àkọ́kọ́, propofol inú iṣan ló ń fà á dín. Ohun mẹ́rin ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó máa bì: jíjẹ́ obìnrin, àìmu sìgá, ẹni tó ti bì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ rí tàbí tí ọkọ̀ máa ń mú bì, àti ẹni tó máa nílò oògùn ìrora bíi morphine lẹ́yìn náà. Ẹni tó ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nǹkan bíi 80 nínú 100 irú wọn ló ń bì bí wọn kò bá fún un ní nǹkan. Ìyá ọjà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ní méjì ká tó bẹ̀rẹ̀. Dexamethasone 4 sí 8 mg lẹ́yìn tó bá ti sùn, ondansetron 4 mg nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jí i, ìyẹn ló ń gbà á. Ẹ bi dókítà ní «consultation pré-anesthésique», ìyẹn ìpàdé pẹ̀lú akunilóorun ṣáájú iṣẹ́ abẹ, pé ṣé wọ́n ti rò ó. Ìbéèrè yìí wúlò ju ti orúkọ oògùn lọ.

Kí aláìsàn má jẹ oúnjẹ fún wákàtí mẹ́fà ṣáájú, mẹ́jọ bó bá jẹ́ àtasí (ìrẹsì àti ẹ̀wà) olóròóró tàbí ẹran. Omi lásán dára títí di wákàtí méjì. Ẹ̀kọ mímu kì í ṣe omi, oúnjẹ ni, wákàtí mẹ́fà náà ni tirẹ̀. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, wọ́n á ní àwọn kò jẹun, àwọn kàn mu kókó ni. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tẹ ikùn, ohun tó wà níbẹ̀ lè gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun.

Ẹ sọ gbogbo àgbo tí ẹ ń mu, àti ọtí sódàbì, láìfi iye rẹ̀ pa mọ́: ẹni tó ti ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́ máa ń nílò oògùn oorun tó pọ̀ ju ti ẹlòmíràn. Ẹ gbé àpótí oògùn tánsíọ̀n yín dání. Àwọn tí orúkọ wọn parí sí «-pril» tàbí «-sartan» lè mú kí tánsíọ̀n já gan-an lójú oorun, dókítà sì máa ń ní kí a fi wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ṣùgbọ́n òun ni kó sọ ọ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí ẹbí gbọ́dọ̀ jíròrò nílé kí wọ́n tó wá: ṣé ẹnì kan nínú ìran wa kú lójú iṣẹ́ abẹ rí, tàbí ara rẹ̀ gbóná bí iná tó sì le gbagidi níbẹ̀? Irú ìdílé kan wà tí halothane, isoflurane, sevoflurane àti desflurane, gbogbo wọn, lè dá ibà apani sílẹ̀ lára wọn. CO2 tó ń gùn láìdáwọ́ dúró ni àmì àkọ́kọ́ rẹ̀, èyí tó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì mú fún CO2 tí wọ́n fẹ́ sínú ikùn. Bí wọ́n bá mọ̀ ṣáájú, oògùn inú iṣan tí kì í dá a sílẹ̀ ni wọ́n máa fi kùn ún lóorun, ewu rẹ̀ á sì dín kù gan-an. Bàbá àgbà tó kú lójú iṣẹ́ abẹ lọ́dún 1985, tí wọ́n ní àwọn ayé ló pa á, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún dókítà.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, fún wákàtí 24, aláìsàn kò gbọ́dọ̀ wa alùpùpù, kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé owó, kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan sódàbì, kò sì yẹ kó dá lọ sílé lẹ́yìn zémìjàn (ọ̀kadà). Èjìká lè máa dùn ún fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Wọ́n kò tẹ̀ ẹ́ ní apá níbẹ̀: CO2 díẹ̀ tó ṣẹ́kù ló ń ta awọ tó wà lábẹ́ àyà, iṣan kan náà ló sì ń gbé ìròyìn ibẹ̀ àti ti èjìká lọ sí ọpọlọ. Kó rọra máa rìn nínú ilé, kó lo paracetamol bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Bí ìrora bá jẹ́ ti ikùn tó ń le sí i, tàbí ibà, tàbí èébì tí kò dáwọ́ dúró, kó padà lọ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.